Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹ Jẹ́ Kí Okùn Gìtá Yìí Sinmi

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtú-okùn, ẹ kú ìso-okùn, ẹ sì kú ìnáwó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé fi ìdúró sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹni. Ì bá dára kí n wá bá yín nílé, àmọ́ kò sí ìgbà tí mo wá tí ẹ kì í ní, “Dúró ná, àbúrò, okùn yìí ò tíì balẹ̀.” Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta gbangba, kí àwọn tó mọ̀ yín lè bá mi bẹ̀ yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn kan gbó lára gìtá yín, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n tó kú.

Gìtá kan ṣoṣo lẹ ní. Orin mẹ́ta lẹ mọ̀ ọ́n ta dé ìparí, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì kúrú. Ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ yín kún fún páálí okùn: D’Addario láti Amẹ́ríkà, Savarez láti Faransé, Hannabach láti Jámánì, Aquila láti Ítálì, àti àwọn mìíràn tí ẹ ti yọ jù sílẹ̀. Kò sí mọ̀lẹ́bí tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ kì í di ẹrù okùn lé lórí. Bí ẹ bá sì so tuntun mọ́ gìtá, ẹ ó pariwo pé, “Èyí gan-an ni!” Títí oṣù yóò fi lé, ẹ ti ní ó ti kú.

Mi ò sọ pé okùn kò yàtọ̀ síra o. Etí tèmi náà kò di. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn kẹta, èyí tó ń dún G, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn yín ti bẹ̀rẹ̀. Okùn mẹ́ta ohùn òkè, náílọ́ọ̀nù lásán ni, kò sí wáyà lára wọn. Gígùn kan náà ni gbogbo okùn gìtá ní, mìlímítà 650 ló sì wọ́pọ̀, nítorí náà bí ohùn bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni okùn gbọ́dọ̀ máa sanra sí i. Nínú Pro-Arté EJ45 ti D’Addario tí ẹ ń fi búra nígbà kan, okùn kìíní jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.71, èkejì 0.82, ẹ̀kẹta wá fò sókè dé 1.02. Okùn tó bá sanra tó bẹ́ẹ̀ a máa gan. Kì í gbọ̀n dáadáa, ohùn rẹ̀ a máa wú láìmọ́, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lókè ọrùn gìtá, yóò yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kan náílọ́ọ̀nù níbẹ̀, òótọ́ ni. Mo jẹ́rìí yín.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sáré bá kábọ́ọ̀nù. Fluorocarbon ni, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìwọ̀. Ó wúwo ju náílọ́ọ̀nù lọ dáadáa: náílọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 1.1 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, kábọ́ọ̀nù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.8. Nítorí ìwúwo yìí, kò dìgbà tó bá sanra kó tó lè dún G. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló fi tín-ín-rín ju náílọ́ọ̀nù lọ. Ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete, ó tètè jáde, ó máa ń pẹ́ kó tó parẹ́, ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn á sì gbọ́ ọ. Fún okùn kẹta, oògùn gidi ni.

Àmọ́ ẹ̀yin kò dúró lórí okùn kẹta. Ẹ gbé e dé orí èkejì, ẹ gbé e dé orí ìkíní, níbi tí náílọ́ọ̀nù kò ti ṣẹ̀ yín rárá. Ibẹ̀ lohùn ti di tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ha etí, tí okùn sì ń gé yín níka. Ẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ le ní oògùn aláìsàn, ẹ wá ń bínú pé ó ń bì.

Lẹ́yìn náà lẹ ra náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ẹ̀rọ ha lára kó lè dọ́gba láti orí dé ìdí. Ara rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀, ìka á mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò sì dán tó ti náílọ́ọ̀nù tí ara rẹ̀ mọ́ gaara. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ní ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí àgbà. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ní ó ń kùn. Okùn kan náà ni o! Ẹ tún gba Nylgut ti Aquila, funfun báláú, tí wọ́n ṣe kó wúwo bí ìfun ẹran. Ẹ ò ní sùúrù fún un rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, okùn tó máa ń nà gan-an kó tó fara balẹ̀ ni. Ti líle ńkọ́? Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa ìdí gìtá pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bí kílò 40. Ẹ ní kò tó, ẹ lọ ra èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ohùn lè pọ̀. Ohùn pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ òsì yín ló ń ké.

Ní báyìí mo gbọ́ pé ẹ ti ń wá okùn ìfun àgùntàn gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ìfun ẹran ni àwọn onígìtá ń lò fún ohùn òkè, okùn ìsàlẹ̀ sì jẹ́ sílíìkì tí wọ́n fi wáyà wé. Ohùn ìfun dùn, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èékánná a máa họ ọ́ di onírun, ọ̀rinrin a máa yí ohùn rẹ̀ padà, ó sì lè já láìkìlọ̀. Nígbà ogun, àwọn dókítà nílò ìfun láti fi rán ọgbẹ́, okùn wá di ọ̀wọ́n. New York ni Albert Augustine, ọkùnrin tó ń kan gìtá, ti mú náílọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ DuPont, ó sì sọ ọ́ di okùn. Kí ọdún 1950 tó dé, okùn náà ti wà lọ́jà. Andrés Segovia, ọ̀gá onígìtá ará Sípéènì, ló kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Ẹni tó ti fi ìfun ta gìtá káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sílẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, tí òógùn ń gba ọwọ́ yín sọ̀kalẹ̀ lórí gìtá, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ padà sí ìfun. Ẹ kú ìgboyà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí okùn mẹ́ta ohùn ìsàlẹ̀, nítorí abẹ́ wọn ni àṣírí yín wà. Fọ́nrán náílọ́ọ̀nù tín-ín-tìn-ìn-tín tó pọ̀ ló wà nínú wọn, wáyà bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni wọ́n sì wé mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá ṣì jẹ́ tuntun, wọ́n a máa dán lójú, wọ́n a máa dán létí, ìka tó bá yọ̀ lórí wọn a máa dún fìì. Kò pẹ́ kò jìnnà, òógùn, epo ara àti ìdọ̀tí á wọ àárín wáyà, fúrẹ́ẹ̀tì (irin tó dábùú ọrùn gìtá) á jẹ wọ́n nísàlẹ̀, ohùn á rẹ̀. Okùn kẹrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ já. Ti òkè kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ díẹ̀ ni náílọ́ọ̀nù tuntun fi ń nà, tí kò ní gbà kí ẹ simi lórí títún ohùn rẹ̀ ṣe, tó bá wá balẹ̀ tán, ó lè pẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀yin wá ń tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ọjọ́ tí okùn òkè bá fara balẹ̀ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́, ọjọ́ náà lẹ lé e kúrò nílé.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń fi okùn wé okùn, òkú lẹ fi ń wé alààyè. Ẹ tú Savarez tó ti dúdú, ẹ so Hannabach tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ẹ kéde pé Hannabach borí. Nígbà tí Hannabach náà bá dúdú, ẹ so Savarez tuntun, Savarez gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì bá ara wọn jà rí. Tuntun ni ẹ̀ ń fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, tuntun kò sì ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára.

Augustine mọ̀ pé orúkọ àti ojú lè dí etí lọ́wọ́. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn DuPont fúnra wọn kò gbà pé onígìtá lè fara mọ́ ohùn náílọ́ọ̀nù. Ló bá ní kí àwọn aṣojú wọn wá gbọ́, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ìfun àti èyí tó jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n nawọ́ sí pé ó dún bíi gìtá jù. Àwọn tó ni nǹkan kò mọ̀ pé nǹkan àwọn ni.

Ẹ tún rántí Francisco Tárrega, onígìtá àtijọ́. Ní ọdún mélòó kan kó tó kú ní 1909, ó gé èékánná rẹ̀, ó ń fi ẹran ìka nìkan ta gìtá, nítorí ó ń wá ohùn tó rọ̀. Ọwọ́ ló tún ṣe. Ẹ̀yin, èékánná yín rí págunpàgun, orí ibì kan náà lẹ sì ń ta okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Bí ẹ bá sún ọwọ́ mọ́ ìdí gìtá, ohùn á le, á mú; bí ẹ bá sún un mọ́ ọrùn, á rọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ju èyí tó wà láàárín páálí méjì nínú dúrọ́ọ̀ yín lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Onílùù dùndún kì í lọ pààrọ̀ osán nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìlù sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n dá a lábàá. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù sí okùn kìíní àti èkejì, ẹ fi kábọ́ọ̀nù sí ẹ̀kẹta nìkan. Ọ̀pọ̀ onígìtá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mú wọn. Ti ìsàlẹ̀, èyí tó bá wù yín. Kí ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀. Bí okùn kẹrin bá já, ẹ pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ti òkè.

Bó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí ẹ fi wéra, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe tọ́. Ẹ so irú kìíní, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó balẹ̀, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ lórí àga kan náà. Ẹ so irú kejì, ẹ fún òun náà ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gba tirẹ̀. Kí ẹ ta Lágrima ti Tárrega fún okùn òkè, àti Préludù kìíní ti Villa-Lobos fún ti ìsàlẹ̀, nítorí okùn ìsàlẹ̀ ló gbé orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni n ó máa tẹ fóònù, ẹ̀yin á kọ ẹ̀yìn sí mi. Bí ẹ bá mọ èwo ni èwo láìṣìnà, n ó tún dọ̀bálẹ̀, owó páálí tó ń bọ̀ sì di tèmi. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn di tèmi. Mo ti ra àpò tí n ó fi kó wọn.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.