Erin Abìyẹ́ ní Gurugu

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi pe rédíò kí gbogbo Tamale lè mọ̀ pé mi ò gbọ́n. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́.

Ẹ̀yà ara alùpùpù ni mò ń tà, Gurugu ní Tamale yìí ni mò ń gbé. Bàbá mi ṣòwò ní Tamale kí ìjọba Busia ní Ghana tó lé àwọn àjèjì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún wọn. Ta ló máa ráyè ro ti àwo orin nínú ọjọ́ 14? Giramafóònù bàbá mi àti àwo I.K. Dairo rẹ̀ dúró sí Tamale, òun sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpótí kan. Nígbà tí èmi náà wá padà síbí, mo ń sọ fún tẹrú-tọmọ pé àwo bàbá mi ni mo wá gbà. Irọ́ ni, owó ni mo wá wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ìgbà tí mo sì ti sọ ọ́ tán, ó di dandan kí n máa ra àwo.

Páálí kan ló kó mi sínú orin rọ́ọ̀kì. Lọ́jà Aboabo ni mo ti rí i, láàárín bàtà òkìrìkà. Erin ló wà lójú rẹ̀, erin ọ̀hún sì hu ìyẹ́. Àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olórin Osibisa ṣe ni, ti 1971. Roger Dean ló ya àwòrán náà. Mi ò tilẹ̀ yọ àwo inú rẹ̀ wò kí n tó sanwó. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó bàbá onílé mi wò ó títí, ó ní, “Erin tó ń fò? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó bà sórí pánù wa.”

Mo ra ẹ̀rọ àlòkù kan tí mo máa gbé e sí. Kókó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ 33, 45 àti 78 sí i. Ó ti dì mọ́ 45. Èmi tí mò ń ta ẹ̀yà alùpùpù, mo rò pé bíi jíà ni: 33 fún òkè, 45 fún títì tó tẹ́jú, 78 fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Títì Gurugu tẹ́jú, mo bá fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Orin gbéra. Ṣé ẹ mọ ohùn àwọn ọmọ ilé-kéwú nígbà tí alùfáà bá ní kí wọ́n parí kí wọ́n máa lọ sílé? Bí Osibisa ṣe ń kọrin fún mi nìyẹn. Ìlù ń sáré, gìtá ń sáré, saksófóònù ń ké bí ẹtù tí ìrù rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú kan tó yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń tán. Mo ní ohun tí mo fẹ́ràn nípa wọn nìyẹn, wọn kì í fi àkókò ẹni ṣòfò.

Odidi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń dá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní Teddy Osei, olórí wọn, gbọ́n, ó kó àwọn ọmọdé jọ kí wọ́n máa kọrin. Mo ní Santana tó wá ṣeré ní Black Star Square ní Accra ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1971, ọmọ tó ń tòògbé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Bí mo bá wá dé orí Lasisi Amao, ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín wọn, ṣe ni mo máa ń dìde dúró. “Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń fọn ún! Ọmọ wa kì í lọ́ra!”

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, rédíò gbé Osibisa sáfẹ́fẹ́. Orin tèmi gan-an ni, àmọ́ ohùn àwọn géńdé ló ń jáde, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni jẹun yó. Inú bí mi. Mo tẹ nọ́ńbà wọn. Pẹ̀lú Dagbani mi tó ní ilà Ògbómọ̀ṣọ́ lójú, mo sọ fún atọ́kùn ètò pé ẹ̀rọ wọn ti ń kú lọ, pé àwọn ọmọdé tó ń kọrin ti darúgbó mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Àwọn ọmọdé wo?”

Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ sí i.

“Alàgbà, nọ́ńbà wo ló wà lára ẹ̀rọ tiyín?”

“Fọ́tí-fáìfù!” Mo fi ìgboyà dáhùn.

“Ẹ lọ yí i sí 33, ẹ wá tún pè wá.”

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú fóònù. Mo tún gbọ́ ọ láti inú rédíò bàbá onílé, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá onílé fúnra rẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ládùúgbò kí mi ní “Fọ́tí-fáìfù”. Orúkọ náà ni wọ́n ń pè mí di òní.

Mo tú kókó náà, mo fi òróró sí i, ó yí. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé Lasisi tí mo ti ń yìn láti oṣù mẹ́fà, mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Fèrè rẹ̀ nípọn, ó ń mí. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Àfi ariwo kan tó ń ta pàrà-pàrà lábẹ́ orin. Ẹ̀bi mi nìyẹn náà: mo ti lẹ owó 20 pẹ́sìwà mọ́ apá ẹ̀rọ kí abẹ́rẹ́ má baà fò, owó yẹn sì ti tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ó ń kọ ebè sójú àwo. Èmi pè é ní ìdọ̀tí. Mo po omi gbígbóná mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ, mo fọ̀ ọ́ bí ẹní fọ ṣòkòtò, mo sá a sórí pánù ilé adìyẹ bí ẹní sá èlùbọ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Oṣù Kẹta la wà. Ẹni tó bá mọ oòrùn oṣù Kẹta ní Tamale, kò yẹ kí n ṣàlàyé fún un.

Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, etí rẹ̀ ti ká sókè yíká. Ìyàwó bàbá onílé gbé e dání, ó ń yí i wò.

“Èyí tiẹ̀ wúlò,” ló wí.

Mo ti kó ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Santana jẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ sí Paul McCartney nìkan ni mi ò ní kó jẹ, nítorí orí 33 ni mo ti gbọ́ ọ. Ó wá sí Apapa ní Èkó ní 1973 láti gba àwo orin *Band on the Run* sílẹ̀. Onílù rẹ̀ ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, òun fúnra rẹ̀ ló lu ìlù. Fela kò ó lójú pé orin wa ló wá jí. Mo ti gbọ́ àwo yẹn láti ojú kìn-ín-ní dé ìkejì: bí olè bá ni, kò rí nǹkan kan gbé.

Kulikuli ló wà nínú Osibisa mi báyìí, lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyàwó bàbá onílé ní ihò àárín rẹ̀ dáa, ibẹ̀ ni òróró ń gbà jò. Páálí ṣì wà lọ́wọ́ mi, erin rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àwo inú rẹ̀, tí kò tíì di abọ́, kó béèrè Fọ́tí-fáìfù ní Gurugu. Màá sanwó, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo máa kọ́kọ́ yọ ọ́ wò.