Ọ̀gá Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari ti ṣí Èbúté Lẹ́kí ni iṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ti gbé e kúrò ní Àpápá wá sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ó rí àyè lẹ́yìnkùlé ilé tó gbà, ó ra adìẹ ẹlẹ́yin mẹ́rìnlá. Bí ẹ bá pè é ní Ejẹ́ńtì báyìí, kò ní dáhùn. "Ọ̀gá Àgbẹ̀" ni kí ẹ wí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni kì í ṣe àgbẹ̀? Oṣù kẹfà tí òjò dé niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Èbúté ìtòsí wa jìn tó mítà 16.5, ọkọ̀ ojú omi ràgàjì ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ gọ́tà ẹ́sítéètì wa kò gba garawa omi kan. Kí òjò tó dá, ilé adìẹ ti di erékùṣù. Màmá ẹlẹ́ja kan láti Àkòdó ti kìlọ̀ fún un: "Ọkọ mi, ẹ gbé ilé wọn sórí òpó." Kí ni ìyá arúgbó mọ̀? Ọ̀gá Àgbẹ̀ ti wo fídíò àwọn ará Kánádà tó ń sin adìẹ nínú yìnyín. Ó fi tapólì bo ilé adìẹ yíká, ó so gílóòbù pupa kọ́ sí i. Bí NEPA bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké nítorí adìẹ. Fáànù àwọn ọmọ rẹ̀ dúró gbagidi.

Òtútù ni, ó ní. Òtútù wo? Òròmọdìẹ ọlọ́sẹ̀ kan ló ń wá ooru; àgbà adìẹ ti wọ ẹ̀wù ìyẹ́ tirẹ̀. Àwọn ará Kánádà pàápàá ń ṣí ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lókè. Ọ̀rinrin ló ń pa adìẹ lójò: èérún pákó á rin, ìgbẹ́ á máa jẹrà, òórùn rẹ̀ á máa ta wọ́n lójú, wọn á sì lè máa ya ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ẹ gbọ́ ìwàásù dalẹ́.

Adìẹ dáwọ́ ẹyin yíyé dúró. Ìyàwó rẹ̀ ṣírò owó epo, ó ní, "Dádì, ẹyin kan ti wọ́n ju adìẹ lọ." Kò fèsì. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, òun àti mégáàdì rọra gbé kíréètì ẹyin kan wọlé láti ọjà Ajah. Ó fi ìgbẹ́ adìẹ pa á lára díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, ó ń pín in kiri àdúgbò.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Mà. Ó ṣì gbóná."

Ó gbóná lóòótọ́. Abẹ́ gílóòbù pupa ló sùn.