Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Túmọ̀ Òfin Whot

Ìwọ tí o fẹ́ ya òmùgọ̀ pọ́ńbélé nídìí eré káàdì Whot, ìbáà jẹ́ Mushin lò ń gbé, ìbáà jẹ́ Yábàá tàbí Sùúrùlérè, sún mọ́bí. Ẹ̀kọ́ náà kò le. Páálí káàdì kan, iná tí wọ́n ti mú lọ láti òwúrọ̀, àti èèyàn mẹ́ta tí ooru ti tán ní sùúrù, ó tó.

Kí ẹ tó pín káàdì, má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ òfin. Àwọn ojo ló ń béèrè ṣáájú pé ṣé a lè fi pick two, ìyẹn káàdì 2 tí í ní kí ẹni tó kàn mú méjì, gba pick two. Ìwọ, panu mọ́. Ìwé pélébé tó bá wà nínú páálí, fi di ẹ̀pà. Dúró títí ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì ọ́ yóò fi já 2 lé ọ lórí. Bí 2 bá wà lọ́wọ́ tìrẹ náà, ìgbà yẹn ni kó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí òfin: kígbe pé ní Ìdí-Òro tí wọ́n ti kọ́ ọ, ẹni tó bá ní 2 a máa fi gbèjà ara rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò sì mú mẹ́rin. Bí ẹ bá tún un pín, tí ìwọ já 2, tí àbúrò rẹ fi 2 dá ọ lóhùn, fọwọ́ lu tábìlì. Ní irú ìwà ìbàjẹ́ wo nìyí, pick two kì í gba pick two, kó mú méjì rẹ̀ kó jókòó jẹ́ẹ́. Má bẹ̀rù pé ẹnì kan lè rántí ohun tó o sọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn ni yóò rántí. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Wọ́n lè ní kí ẹ lọ bi ẹni tó ni eré. William Henry Storey, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é ní 1935, ilé iṣẹ́ Waddingtons ti ìlú Leeds sì gbé e jáde. Ta ló fẹ́ wọkọ̀ lọ Leeds nítorí pick two? Bó o tilẹ̀ débẹ̀, kò wúlò. Wo UNO, ìbátan Whot, tí onígbàjámọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Merle Robbins, dá sílẹ̀ ní 1971. Ní 2019, àwọn tó ni UNO fúnra wọn là á mọ́lẹ̀ fáyé gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá já +4 lé kò lè fi +2 tì í sórí ẹlòmíì. Àwọn tó ń ta á ní irọ́ ni, àwọn ò gbà. Àwọn èèyàn wa nìyẹn.

Ó wá kan káàdì 20, èyí tí í jẹ́ Whot gan-an, tí márùn-ún rẹ̀ wà nínú 54. Ẹni tó bá já a ló ń pe àwòrán tó wù ú. Ọlọ́gbọ́n a máa pe ìràwọ̀, torí méje péré ni gbogbo ìràwọ̀ inú páálí. Ṣe ni yóò máa wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń lọ sọ́jà, ìyẹn ni pé wọ́n ń mú káàdì kún tọwọ́ wọn. Ìwọ, sọ pé nílé yín nọ́ńbà ni wọ́n ń pè, kó o wá pe 6. Whot ò ní 6. Kò ní 9 náà. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣàkíyèsí.

Fún 14, general market, tọ́jú rẹ̀ di ìparí. Bó o bá fi parí eré, ìbéèrè tó le jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó dé nìyẹn: ṣé àwọn yòókù yóò kọ́kọ́ lọ sọ́jà kí wọ́n tó ka ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, àbí eré ti tán? Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ yìí di bó ò lọ o yà fún mi láàárín ọkọ àti ìyàwó. Tèmi ni pé kí wọ́n lọ sọ́jà. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá.

Bí ẹ bá ń ka iye, rántí pé ìlọ́po méjì ni ti ìràwọ̀. Ìràwọ̀ 8 jẹ́ 16, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú rẹ̀. Fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀. "Last card" tí ẹni tó bá ku káàdì kan lọ́wọ́ rẹ̀ ń kéde náà, dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bú kó o tó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo gbọ́ pé nínú eré Traveller, tí Marc Miller gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977, ṣe ni kálukú ń ṣe bí arìnrìn-àjò láàárín ìràwọ̀ lórí tábìlì. Òfin rẹ̀ kún ìwé mẹ́ta. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀wọ̀n ara wọn: wọ́n yan rẹfirí, bó bá sì ti sọ̀rọ̀, ó parí. Má gbà kí ẹnikẹ́ni mú irú àṣà bẹ́ẹ̀ wá sí Mushin. Bí wọ́n bá ní ká bi bàbá onílé, sọ pé bàbá ò mọ̀ ju ayò lọ.

Bí wọ́n bá lé ọ dìde nídìí eré, má bínú. Kọjá sí òpópónà kejì. Òfin tibẹ̀ yàtọ̀.