Oríkì Àìbìkítà, Ọba Tó Gorí Ìtẹ́ Erédò Súngbọ́

Kábíyèsí o! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí igbó má tán lórí odi.

Àìbìkítà, ọmọ Ó-di-ọ̀la,
Ọkọ Ẹ-jẹ́-ó-wà-bẹ́ẹ̀, bàbá Ta-ló-kàn.
Arọra-wó-odi bí ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan.
Ajogún-má-sìnkú, a-gbélé-baba-má-tún-un-ṣe.
Ọba tí kì í yọ idà, tí kì í pàdánù ogun.

Wọ́n ti ki Awùjalẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n ti ki Balógun, wọ́n ti ki ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba, wọ́n tilẹ̀ ki oníṣòwò tó ra ọkọ̀ àlòkù lánàá. Kò sí onílù kan tó yà lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ jọba lórí odi tó gùn jù nílẹ̀ Yorùbá, pé ẹ kò ní apohùn kan ṣoṣo! Ìwà àìmoore gbáà ni. Òun ni mo fi ní kí n wá ṣe tèmi lónìí, bí ẹ bá tilẹ̀ máa ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ààfin yín kì í ṣe ààfin yẹpẹrẹ. Erédò Súngbọ́ ni, odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po, ó gùn tó 160 kìlómítà. Bí a bá mú un láti àríwá dé gúúsù, ó tó nǹkan bí 40 kìlómítà, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bí 35. Níbi tó ti ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé téńté odi, ó tó 20 mítà. Ilé alájà mẹ́fà lè dúró síbẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lókè má mọ̀. Ọkọ́, agbọ̀n àti orí ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí katapílà. Patrick Darling, ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó tó rin igbó náà kiri, ṣírò rẹ̀ pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ kúbíìkì mítà, ó ní ó ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámídì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, Kábíyèsí kò ru agbọ̀n kan. Iṣẹ́ tán, ẹ wọlé, ẹ na ẹsẹ̀.

Ajogún-má-sìnkú! Orí yín mà dára o.

Àwọn jagunjagun mìíràn lo agbára kí wọ́n tó lókìkí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wá, wọ́n jà ní Ìmàgbọn, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ṣẹ́gun ọba, wọ́n ṣẹ́gun ìlú, wọ́n sì la ọ̀nà. Odi kò mì. Ìbọn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú un. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ rán irúgbìn kan lọ, ó hù sára ògiri, gbòǹgbò rẹ̀ fẹ̀, òjò wá, apá kan yọ́ sílẹ̀. Ẹ rán àgbẹ̀ lọ, ó fi odi ṣe ebè ẹ̀gẹ́. Ẹ rán àwọn tó ń la títì lọ, wọ́n gé e sí méjì bí ẹni gé ẹ̀kọ. Ẹ̀yìn náà lẹ wá rán ọ̀gágun yín àgbà, ìyẹn típà. Típà kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń fẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa láti fi dí kòtò ilé olówó ni. Odi tó ti dúró láti ayé àwọn baba ńlá wa, ó ti di ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n ki ìyẹ̀wù yín díẹ̀, nítorí àwọn tí kò débẹ̀ rí rò pé àsọdùn ni. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà níbi tó ti ṣì dúró dáadáa, oòrùn á dín kù lójú ẹsẹ̀. Igi apá ọ̀tún na ọwọ́ sí igi apá òsì, wọ́n bo ọ̀run. Ògiri méjèèjì ga sókè ṣánṣán, yangí ni, ó pọ́n, ó jọ̀lọ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n fi ọkọ́ ha á, ewé wẹ́wẹ́ tútù sì lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Ìsàlẹ̀ rọ̀, omi ń sun láwọn ibòmíràn. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù ju ti ẹ̀rọ amúlétutù inú báńkì lọ, owó iná kò sì sí. Nǹkan ọlá gan-an ni. Àfi kí ènìyàn máa rọra gbé ẹsẹ̀, nítorí ẹ ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀: náílọ̀n píọ̀ wọ́tà, bàtà sílípáàsì tí okùn rẹ̀ ti já, pámpáàsì ọmọdé. Ọba tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ àlejò kan ilẹ̀ ni yín.

Mo tún gbọ́dọ̀ yin àwọn akọ̀wé ààfin, kí wọ́n má bàa ní mo gbàgbé àwọn. Ọ̀mọ̀wé Peter Lloyd kọ̀wé lórí Erédò ní 1959. Ẹ gba ìwé náà, ẹ fi ṣe ìrọ̀rí. Darling ké sí gbogbo ayé ní 1999, rédíò àti ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè gbé e, aráyé pariwo pé ohun ìyanu rèé nínú igbó Nàìjíríà. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Ọlánrewájú Lásísì wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé láàrin 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ yàrà, nígbà tí àwọn tó ṣáájú ti ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn ọjọ́ orí rẹ̀. Ní tiyín, gbogbo nǹkan tó bá ti dàgbà, oúnjẹ ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yín tí mo gbádùn jù lọ ni ti ìwé ìdúró. Ní 1995, Nàìjíríà kọ orúkọ Erédò Súngbọ́ sínú ìwé tí àjọ UNESCO ń kọ orúkọ àwọn ibi tó ń retí àtidi ogún gbogbo àgbáyé sí. Sukur, lápá Adámáwá, wọlé ní 1999. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Erédò wà níta, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó mú fáìlì dání. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé yẹn ti ń sanwó iléèwé ọmọ tirẹ̀. Ta ló tún lè fi sùúrù dá irú àrà bẹ́ẹ̀?

A-dáni-dúró-má-lani-lóògùn,
Ìwé wọ ọ́fíìsì yín, ó di baba àgbà nínú dúrọ́ọ̀.
Ẹ pàdé, ẹ mu tíì, ẹ sún un síwájú.

Ọgbọ́n yín tún yọ nínú ọ̀rọ̀ ààlà. Odi tí àwọn baba wa gbẹ́ láti fi sọ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo nìyí, ìjọba òde òní fi ìlà gé e, apá tó pọ̀ wà ní Ògùn, apá kan wọ ìpínlẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún níhà Ẹ̀pẹ́. Agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀ kan níbẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ Erédò. Orúkọ wà lára pátákó, wọ́n kùn ún dáadáa. Odi tó ni orúkọ ni kò rí ẹni kùn ún.

Ẹ lẹ́bí níbi gbogbo. Ní Ìbíní, yàrà tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ní 1961, ẹ ti fi apá kan rẹ̀ ṣe ààtàn. Lọ́hùn-ún ní Afghanistan, ní Mes Aynak tí kò jìnnà sí Kabul, ilé àdúrà àti ère àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àtijọ́ jókòó sórí bàbà inú ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà gba iṣẹ́ wíwa bàbà náà ní 2007, ni àwọn awalẹ̀pìtàn bá ń sáré kó ère jáde. Wàhálà tiwọn yẹn lórúkọ, ó sì lówó nínú. Ìjẹ̀bú kò ní bàbà. Yẹ̀pẹ̀ lásán la ń tà, típà kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sáré.

Kábíyèsí, ẹ má bínú sí mi bí mo bá sọ èyí. Ibì kan wà tí ọlá yín kò dé. Ní Òkè-Erì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní ibojì Bìlíkísù Súngbọ́ nìyẹn, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tí ìtàn sọ pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí orúkọ òun má bàa parun. Àwọn kan gbà pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà fúnra rẹ̀. Mùsùlùmí ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, Kìrìsìtẹ́nì ń lọ, oníṣẹ̀ṣe ń lọ, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń tọrọ. Àwọn ará ibẹ̀ á ní koríko kì í hù lórí ibojì náà. Èmi kò bá wọn jiyàn. Mo kàn ń wo iye ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń wò ó pé koríko wo ni yóò rí àyè hù níbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo, sàréè kan ṣoṣo, ó lé yín lọ. Odi tí wọ́n ní ó gbẹ́, ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀, ni igbó fi gbà á.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí gan-an ló ń kó mi láyà jẹ fún yín. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà ọdún Ojúde Ọba, gbogbo ayé ń wọ́ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, yóò yọ nínú aṣọ òkè, ẹṣin yóò jó, kámẹ́rà yóò máa tan yòò, hòtẹ́ẹ̀lì yóò kún. Lọ́jọ́ kejì, àlejò á jẹ ìkọ́kọrẹ́, á wo aago, á béèrè pé, “Kí ló tún kù láti wò?” Oníbàárà yín sì ni olùgbàlejò, yóò ní kò sí nǹkan kan mọ́. Bí ó bá wá ṣèèṣì dáhùn pé odi kan wà ńkọ́? Ìjọba yín yóò mì tìtì.

Ó dáa, mo ti kì yín tán. Akéwì kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kò ní láti lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Ẹ fún mi ní òpó kọnkéré tí wọ́n á rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ odi, kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé mọ ibi tí ààlà wà. Ẹ fún mi ní òfin tí àwọn ìjọba Ògùn àti Èkó jọ fọwọ́ sí pé típà kò gbọ́dọ̀ bu odi mọ́. Ẹ fún mi ní pátákó kan ṣoṣo lẹ́bàá títì, kó kọ ọ́ gàdàgbà: Erédò rèé.

Mo mọ ìdáhùn yín, ẹ ní ẹ máa wò ó. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ ń kà á ni mo kọjú sí báyìí. Ní Ojúde Ọba tó ń bọ̀, ẹ bọ́ aṣọ òkè sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ kó àlejò yín sínú bọ́ọ̀sì, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé tí odi kọjá lẹ́yìn ilé wọn. Ẹ wọ bàtà tó nípọn, ẹ mú àdá kan dání, ẹ sì mú àpò ńlá kan tí ẹ máa fi kó náílọ̀n.