Ọrùn Àyálò

Ìgò àgbo tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ trotro ní Kumasi kì í wo àìsàn kan ṣoṣo. Kí ọkọ̀ tó kún ní Ashanti New Town, tí aráàlú ń pè ní Ash-Town, ọlọ́jà á ti ka iṣẹ́ rẹ̀ tán: ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà, ẹ̀yìn dídùn, àìrọ́mọbí. Ó kù díẹ̀ kó fi àìlówó lọ́wọ́ kún un, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni àìsàn tí ìgò náà ń wò fún ọlọ́jà. Ohun tí wọn kì í kà mọ́ ọn ni ibi tí ẹni tó po àgbo ọ̀hún ń gbà lọ nígbà tí ara tirẹ̀ kò bá yá.

Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò: ohun tí onílérí ní là á fi díwọ̀n ìlérí rẹ̀. Ayé òde òní ti wá ọ̀nà àbùjá sí òwe yìí. Bí ọrùn ẹni bá ṣófo, a máa ń yá ti gbajúmọ̀. Olórin á gbé ife ọtí sókè, ara rẹ̀ á máa dán, oníbàárà á sì gbà pé ọtí ló ra mọ́tò fún un. Ọtí náà ni lóòótọ́: owó ìpolówó rẹ̀ ni.

Ìjọba Ghana dá sí i. Òfin Ìlera Aráàlú ti 2012, Òfin 851, fi àjọ FDA ṣe alábòójútó oúnjẹ àti oògùn, ìpolówó oògùn sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àjọ náà kọjá. Ìlànà àjọ náà ní kí gbajúmọ̀ má polówó ọtí mọ́. Ní 2022, Mark Darlington Osae, alábòójútó àwọn olórin, gbé ìlànà yìí lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ó ní ó ń ya àwọn kan sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹfà, 2024, adájọ́ márùn-ún nínú méje dá ìjọba láre.

Òfin já ọrùn àyálò gbà lọ́wọ́ ọlọ́tí, ṣùgbọ́n alágbo ti rí òmíràn yá: ọrùn òfin fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà FDA lára ìgò ń sọ pé wọ́n forúkọ oògùn sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo ogún àìsàn. Lẹ́nu apolówó, “FDA fọwọ́ sí i” ti di ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè. Ohun tí wọ́n fi ń ká irọ́ lápá kò ni irọ́ wá ń wọ̀ jáde.

Ìyá tó ń ra iṣu ní Kejetia á tẹ̀ ẹ́ nídìí, á gbóòórùn ẹja, á ná tòmátò títí ọlọ́jà yóò fi bẹ̀ ẹ́. Ìyá yìí kan náà á sanwó ìgò láìbéèrè nǹkan kan, á sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọsibítù fún un tì. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ìbẹ̀rù àìsàn ló gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì ń tà á fún un ni olè.

Nínú ọjà Kumasi yìí náà ni ọṣẹ dúdú wà, tí àwọn Akan ń pè ní alata samina. Alata ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá àti àwọn ará Nàìjíríà yòókù. Ọṣẹ náà kò ṣèlérí kọjá ìwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ẹni tó ti fi wẹ̀ ló ń wò lọ́rùn.