Ta Ló Gé Etí Ìyá Àgbà?

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, wà lára àwọn tó kó ẹrù padà wálé nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà lọ́dún 1969. Òfin wọn ò pọ̀: kí oníbàárà kọjú sí kámẹ́rà gbọọrọ, kó la ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kí etí méjèèjì hàn. Iná méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí òjìji má gbé ojú ẹnikẹ́ni mì. Lójú tèmi, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lásán nìyẹn. Kí n tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù ni YouTube ti gbà mí lọ́wọ́ wọn.

Mo ṣí sítúdíò sí Owódé, ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rí àrífín mi ni bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Wọ́n wọ agbádá sányán, wọ́n jókòó, wọ́n la ẹsẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ pa ẹsẹ̀ dé, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń ronú jinlẹ̀.”

“Ta ló kú?”

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

“Ṣé gbèsè ni mo jẹ ni? Oyè ni mo jẹ!”

Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ni NEPA ti múná lọ. Inú òkùnkùn ni mo ti gbọ́ tí agbádá ń wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ti ìbejì ló tẹ̀ lé e. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó ṣèwádìí iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, àwọn ọlọ́fọ́tò a máa ya èyí tó kù, wọn a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. (Ìjókòó ọwọ́-lórúnkún tí mo ń pè ní ti àtijọ́, ó kọ̀wé lé e lórí níbẹ̀; ó ní ìjókòó ẹni iyì ni. Mi ò tíì ka ibẹ̀ nígbà tí bàbá olóyè wá.) Kẹ́hìndé tèmi ò tilẹ̀ kú, Ìbàdàn ló wà, bàbá wọn sì fẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí. Mo ya Táyé, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo wá dojú ẹ̀dà náà kọ apá kejì kó má baà jọ ẹ̀dà. Bí òjìji ọ̀kan ṣe wọ́ sọ́tùn-ún, tèkejì wọ́ sósì, àfi tí oòrùn méjì bá ràn nínú sítúdíò. Ọwọ́ òsì ni Kẹ́hìndé fi di bisikíìtì mú. Bàbá ò rí nǹkan kan. Táyé ló wò ó tó ní, “Èmi ni méjèèjì o. Kẹ́hìndé ò ní àpá níwájú orí.”

Ó yẹ kí n sinmi. Rembrandt ò jẹ́. Ayàwòrán ará Netherlands tó kú lọ́dún 1669 yìí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà ìtanná kan: iná kan péré, láti ẹ̀gbẹ́ lókè, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ṣókùnkùn, kó wá ku ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta kékeré lábẹ́ ojú. Ìyá àgbà kan láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ ni mo dán an wò lára wọn. Fọ́tò tí wọ́n máa gbé kọ́ pálọ̀ ni àwọn ọmọ wọn ní kí n yà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ pé yóò bọ́ sára pósítà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n tẹ́nikẹ́ni ò sọ.

Gèlè ìyá fẹ̀ bí òrùlé. Iná tó ń bọ̀ lókè bà lé e, ó dúró síbẹ̀, òjìji gèlè bo ojú méjèèjì. Léèsì funfun tún dá kún un: kámẹ́rà ò mọ èèyàn, bí ibi tó ń wò bá ti funfun jù, ṣe ló máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú èèyàn dúdú a sì bá a lọ. Ohun tó kù nínú ìyá ni imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan àti etí kan.

Wọ́n wò ó títí. “Etí mi kejì ńkọ́?”

“Ìyá, ó wà níbẹ̀, inú òjìji ló wà.”

“Kí ló ń wá nínú òjìji? Àwọn àlejò á máa bi àwọn ọmọ mi pé ta ló gé e.”

Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Netherlands nìyẹn.

“Wọn ò létí níbẹ̀ ni?”

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí WhatsApp. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní kí n rẹ iná wálẹ̀ títí yóò fi wọ abẹ́ gèlè, kí n tẹ́ káádì funfun sórí itan ìyá kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí wọn lójú, kí n sì fi ojú wọn ìmọ́lẹ̀, kí n yé fi léèsì wọ̀n ọ́n. Ìyá padà wá, etí méjèèjì síta, yẹtí ń dán. Wọ́n sanwó, wọ́n tún ní kí n bá àwọn tẹ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹnì kan ti rí ẹwà iṣẹ́ mi. Wọ́n ní ìdí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé làwọn fẹ́ gbé e kọ́, bóyá àwọn ọmọ tó ń jí i ká á bẹ̀rù.