Háà! Ẹ Wá Gbọ́ Ohun Tí Àwọn Àgbà Ń Ṣe Lójú Agbami

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń patẹ ní Agbonou, ẹ̀yin bàbá wa ní Gnagna àti Djama ní Atakpamé níbí, ẹ lé àwọn ọmọdé síta ná, kí ẹ sì súnmọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Ṣé ẹ ti rí àwọn òyìnbó arúgbó tí ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ máa ń já sílẹ̀ ní èbúté Lomé? Àwọn tó dé fìlà, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí ìyàwó di ọkọ lápá mú bí ẹni pé ìsìn ni wọ́n ń lọ? "Bonjour" lọ́tùn-ún, "merci" lósì. Ẹ sì máa ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Jẹ́jẹ́ kẹ̀! Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà lánàá.

Lánàá, àárín agbami ni ọkọ̀ wà. Ilẹ̀ ò sí níwájú, ilẹ̀ ò sí lẹ́yìn. Kò sí aládùúgbò tó ń yọjú lójú fèrèsé, kò sí àna, kò sí ọmọ tó lè ṣàdédé wá kí ìyá rẹ̀. Irú ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀!

Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí pé kí ló kan ará orí òkè nínú ọ̀rọ̀ òkun. Òfófó òkun ti ń dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Ṣebí Kamina níbí ni àwọn Jámánì gbé opó irin gíga sí, tí wọ́n fi ń bá Nauen nílẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fi ta àwọn ọkọ̀ wọn tó wà lójú òkun lólobó ní 1914 pé ogun ti bẹ́. Òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́, kí ọ̀tá má baà rí i gbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí àwọn opó yẹn bá ṣì dúró, tí wọ́n ń gba irú ìròyìn tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú á ti irin! Fóònù ló kù tó ń ṣiṣẹ́ wọn báyìí, fídíò sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdájí bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì là dáadáa tí àwọn àgbàlagbà ti ń yọ́ jáde ní yàrá. Ṣé àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà? Rárá o, àga ni wọ́n fẹ́ gbà! Wọ́n á tẹ́ aṣọ ìnura sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n á fi bàtà ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, wọ́n á padà lọ sùn. Ẹni tó jí ní aago mẹ́sàn-án, kò ní rí ibi jókòó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èèyàn lórí àwọn àga náà, aṣọ ló jókòó síbẹ̀. Ni ìjà á bá bẹ́. Ìyá àgbà àti ìyá àgbà ń fa táwẹ̀lì mọ́ ara wọn lọ́wọ́!

Oúnjẹ ńkọ́? Òun kì í tán. Wọ́n jẹ ti àárọ̀ tán, wọ́n jẹ ti ọ̀sán, tíì àti àkàrà òyìnbó dé ní aago mẹ́rin, wọ́n jẹ ti alẹ́, òru dé, wọ́n tún lọ gba písà. Ta ni ebi ń pa nínú wọn?

Ọtí wá ni kí ẹ gbọ́. Ilé iṣẹ́ Carnival tó wà ní Miami ń ta ìwé àṣẹ kan fún èrò: tí o bá ti san owó rẹ̀, kí o ṣáà máa mu ọtí ni. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àṣejù, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí i. Ẹ fi ọwọ́ di nǹkan mú kí ẹ tó gbọ́ òdiwọ̀n náà. Ife 15 láàárín wákàtí 24! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Tí bàbá kan bá mu sódàbì ife 15 láàárín ọ̀sán kan ní Atakpamé, ṣé a ò ní ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí rẹ̀? Ilé iṣẹ́ yìí náà ni ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, Mardi Gras, gun orí yanrìn lẹ́nu ọ̀nà Miami ní 1972, ní ìrìnàjò àkọ́kọ́ tó rìn. Ẹni tó mọ àmì ì bá ti kà á nígbà náà.

Lórí Icon of the Seas ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ọkọ̀ alájà 20 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, tó lè kó èrò tó 7,600, ilé ọtí wà nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Èèyàn á jókòó sínú omi, ìdajì ara lábẹ́, ife lọ́wọ́, wákàtí á máa gorí wákàtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: ẹni tó ń mutí láti àárọ̀ tí kò jáde nínú omi, níbo ló ń tọ̀ sí? Tùẹ̀! Ẹ má dá mi lóhùn mọ́.

Ó kù o. Ní ọ̀sán gangan, gbohùngbohùn á ké, wọ́n á pe àwọn ọkùnrin jáde fún ìdíje irun àyà. Mo ní irun àyà! Àwọn baba olórí ewú á bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á máa gbọn ìdí lójú ìta gbangba, àwọn obìnrin tí wọ́n fi ṣe adájọ́ á sì máa fi ọwọ́ ra irun náà, láti wò ó bóyá ó kúnná tàbí ó le. Ìyàwó ẹni ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́! Lọ́jọ́ mìíràn, ikùn ni wọ́n fi ń díje: ẹni tí tirẹ̀ bá dún jù nígbà tó bá já lu omi ló gbẹ̀bùn. Bó bá wá di alẹ́, ìyá kan náà tó na ara sílẹ̀ pẹ̀lú péńpé aṣọ méjì lọ́sàn-án á wọ gáùn gígùn, á fi wúrà sétí, á máa fi fọ́ọ̀kì gé ẹran wẹ́wẹ́. Ìwà ti dé padà!

Èyí tó mú mi káwọ́ lérí, òun ni mo fi pamọ́ dé ibí. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Bare Necessities háyà odidi ọkọ̀, Norwegian Pearl, láti Miami, fún ọjọ́ 11. Àwọn tó wọ̀ ọ́ tó nǹkan bí 2,300. Kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe? Kí wọ́n lè rìn ní ìhòòhò! Ìhòòhò goloto, bí ìyá wọn ṣe bí wọn, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́. Baba arúgbó níhòòhò ń ta ayò. Ìyá arúgbó níhòòhò ń gun àtẹ̀gùn, ẹnì kan sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, Olúwa ṣàánú! Owó tí wọ́n san bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2,000 dọ́là, yàrá tó wọ́n jù sì lé ní 30,000, èyí tó tó mílíọ̀nù méjìdínlógún sẹ́fà ó kéré tán. Mílíọ̀nù méjìdínlógún, kí èèyàn lè bọ́ aṣọ tó ti ní!

Wọ́n tilẹ̀ ní òfin. Òfin kìíní: ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́dọ̀ tẹ́ aṣọ ìnura sídìí. (Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú kan èyí.) Ní yàrá ìjẹun ńlá, aṣọ di dandan. A kì í ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Àmọ́ òfin tó kù yìí ni kí ẹ fetí sí dáadáa: bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ wọ èbúté, kí gbogbo wọn wọ aṣọ. Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n mọ ìtìjú! Wọ́n mọ̀ pé ojú ilẹ̀ kò gba irú rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ò bá rí wọn nìkan ni wọ́n máa ń láyà.

N kò sọ pé irú èyí ló ń wá sí Lomé o. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, bákan náà sì ni ìwà wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ máa ń tì pa, ó máa dá ṣáká. Kí ọkọ̀ ṣáà kọjá máìlì òkun 12 tí òfin ilẹ̀ ń ṣọ́, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu. Wọ́n tún ní àwọn kan máa ń lẹ àwòrán ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó dorí kodò mọ́ ilẹ̀kùn yàrá, pé ìyẹn ni àmì tí tọkọtaya tó fẹ́ fi ara wọn ṣe pààrọ̀ fi ń mọ ara wọn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó! Èso tí àwọn ìyá olóòótọ́ ń tà lẹ́bàá títì! N ò ní lè wò ó lójú mọ́ bí mo bá ń wọkọ̀ lọ sí Lomé.

Èyí tó sì ń gba tòsí wa kọjá ńkọ́, tó ń ti Cape Town bọ̀? Bó bá ti dé ibi ìlà tó pín ayé sí méjì, wọ́n á fi irùngbọ̀n èké sí ẹnì kan lágbọ̀n, wọ́n á dé e ládé, wọ́n ní ọba òkun ló jáde. Olókun! Òrìṣà tí àwọn ará Ifẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n á fi ẹnu ko ẹja tútù lẹ́nu, wọ́n á da yìnyín àti oúnjẹ yíyọ̀ lé wọn lórí. Oúnjẹ o! Àwọn ọmọ Philippines àti India tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló máa fọ ilẹ̀, àwọn náà ni wọ́n máa wọ yàrá lọ ká táwẹ̀lì di erin fún baba àádọ́rin ọdún kó lè rẹ́rìn-ín kó tó sùn.

Ilẹ̀ á mọ́, Lomé á yọ. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ ṣòkòtò, mọ́tò á gbé wọn lọ sí ọjà àwọn alágbo ní Akodésséwa, wọ́n á dúró níwájú orí ọ̀bọ gbígbẹ àti awọ ọ̀nì. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe fọwọ́ bo ẹnu! Ẹ wo ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn alágbo wa, bí ẹni pé irú nǹkan báyìí ò dáa! Ẹni tó fẹnu ko ẹja níwájú onírùngbọ̀n èké!

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ á fun fèrè, á kúrò ní Lomé. Máìlì 12 péré ni, ẹ̀yin èèyàn mi, kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Ká tó sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ní Atakpamé, wọ́n ti kọjá á.